Ilé Tí Wọn Kì Í Fi Han Àlejò

Torí ilé kan ṣoṣo ni mo ṣe lọ sí Àgbádárìgì.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ́ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkísà mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó papò dà. Lálẹ́, tí wọ́n bá ń pe ọ̀rọ̀ fún wa kọ, tí ẹnì kan nínú wa bá ṣì í kọ, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi í: "Ṣé torí èyí ni Àjàyí ṣe jẹ gbogbo ìyà yẹn?" Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé Àjàyí tí wọ́n ń wí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Àjàyí Crowther ni, ẹrú àtijọ́ tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, tó sọ pé wọ́n kọ́ àwọn ní ilé ìwé pé Àgbádárìgì ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, Crowther sì gbé inú rẹ̀, mo ní ó ti parí, a ó lọ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó bèèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì láti Máìlì Tú yóò bá mi dárò. Mi ò ní fi ẹnu mi ba ọjọ́ jẹ́. Kòtò ni, gọ́tà ni, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ni. Ìgbà tí a fi máa bọ́ sílẹ̀ ní ráúńdábáòtù, ìdí mi ti kú. A ra àgbọn tútù méjì mu lọ́wọ́ ìyá kan tó ń fi àdá bẹ́ ẹ bí ẹni ń bó ọsàn, a gun kẹ̀kẹ́ wọ inú ìlú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan so mọ́ wa ká tó sọ̀ tán. "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Mo máa mú yín yíká." A ná owó, a gbà síbì kan. Ọmọlúàbí ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn, àmọ́ bí ẹni ń ka ìwé orí ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí o bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó di dandan kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbọ́ ìtàn igi Àgíà lọ́jọ́ náà.

Ibi igi náà la kọ́kọ́ dé, àbí kí n ní ibi tó ti wà rí, torí igi ti lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1959 ló wó. Òkúta ìrántí ló dúró sípò rẹ̀ báyìí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Henry Townsend ti ìjọ CMS náà gúnlẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo òkúta títí. "Àǹtí, òkúta yìí la wá wò?" Mo ní rárá, ó ṣì kù.

Nígbà tí a débi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gan-an, ara mi bù máṣọ díẹ̀. Ohun tí mo ti rò lọ́kàn láti kékeré tóbi ju ohun tó dúró níwájú mi lọ. Ilé olókè kan ni, tí wọ́n fi ẹfun kùn, páànù lórí, fèrèsé onípákó, ní etí Marina, tó kọjú sí ọ̀sà. Tí wọ́n bá gbé e sí Ṣùúrùlérè, ẹnikẹ́ni kò ní yíjú wò ó. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wo ìlú láti òkè, orí igi ló máa gùn.

Afinimọ̀nà wa na ọwọ́ sí omi, ó ní ibí yìí gan-an ni wọ́n ti kó Crowther sínú ọkọ̀ nígbà tó wà lẹ́rú. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè pa á mọ́ra. Bí bàbá mi bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti nà án lẹ́gba. Èkó ni wọ́n ti kó Àjàyí wọ ọkọ̀, kì í ṣe Àgbádárìgì. Ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, ó tó ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá nígbà náà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, láti ọjà dé ọjà títí tó fi dé etí omi. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó dàgbà pé ẹ̀rù kí wọ́n má ta òun fún àwọn Potogí bà òun débi pé òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já òun fún ara òun lọ́rùn, àmọ́ òun kò láyà tó láti fún un le. Ọmọdé nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan ní Èkó, lálẹ́ ọjọ́ kan náà àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó o lọ sí Fìrítáùn.

Ọmọ tí mo mú dání kò tíì gbọ́ apá ọ̀já yẹn rí. Ó fi fóònù rẹ̀ sápò.

A gun àtẹ̀gùn lọ sókè, pákó ń dún wìnyìn-wìnyìn lẹ́sẹ̀ wa. Mo dúró lójú fèrèsé. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Crowther dé sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, ọmọ Jámánì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó yẹ kó gbà wọ́n lálejò ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Bó ṣe di pé wọ́n há sétí omi níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo ń rò lójú fèrèsé ni pé ní ọdún náà, òwò ẹrú kò tíì kúrò lórí omi yìí. Ọkùnrin tí wọ́n ti tà rí jókòó sétí rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè gbé "ìdáǹdè" dúró. Kí ló ń rí tó bá gbójú sókè kúrò lórí ìwé? Ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tí bàbá mi bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà, wọ́n máa ń bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á nù ún, wọn á tún un nù.

Mo rò pé ìrìn àjò mi ti parí. Mo ti rí ilé tí mo wá rí.

Afinimọ̀nà ní, "Mọ́mì, ó ku ilé Sẹ́ríkí." Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ torí mo fẹ́ kó yé yín: o lè jẹ gúgúrú láti ilé àkọ́kọ́ kó má tíì tán nígbà tí o bá dé èkejì.

Agbo ilé ni ilé Sẹ́ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, òórùn ẹja díndín ń ti ẹ̀yìn ilé bọ̀. Àárín gbogbo ìyẹn ni túbú náà wà. Wọ́n ní yàrá 40 ló wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n máa ń kó ẹrú 40 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó dé. Afinimọ̀nà kò tíì mí tí ọmọ mi fi ní, "1,600." Púpọ̀ nínú àwọn yàrá náà ni ìdílé ti tún kọ́ tí wọ́n ń gbé, ìwọ̀nba ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. A wọlé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò tó èmi àti ọmọ náà pín, kí a má tíì sọ ti ogójì.

Sẹ́ríkí ta? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nìyí. Ọmọ Ìjògà-Orílé ni, ní ilẹ̀ Yewa. Ifárẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Dàhọ̀mì kó o. Abass ni orúkọ oníṣòwò tó rà á, Williams sì ni orúkọ òyìnbó tó mú un lọ sí Bràsíìlì láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tó sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó gbọ́ Potogí, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Sípáníìṣì àti Dọ́ọ̀ṣì. Ó padà wá sí Àgbádárìgì, ó sì di ẹni tó ń ra ènìyàn. Ó lówó, ó lọ́lá, ó jẹ Sẹ́ríkí Mùsùlùmí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì fi í joyè. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 128, ọmọ rẹ̀ jẹ́ 144. Ọdún 1919 ló kú, inú agbo ilé náà sì ni ibojì rẹ̀ wà, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ ń gbá ká ní àràárọ̀.

Ẹ wo orúkọ mẹ́ta tí ẹnì kan ń jẹ́. Ọ̀kan, àwọn tó bí i ló sọ ọ́: Ifá rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Méjì yòókù, àwọn tó rà á ló ni ín, ó sì ń jẹ́ ẹ lọ nígbà tó dọlọ́lá. Mo fẹ́ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ni mo bá rántí pé Samuel Crowther náà, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Àjàyí nìkan ni ti ilé.

Ọmọ mi ló bèèrè ohun tí mo ń sá fún. Ó kọjú sí afinimọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun náà kọ́ ni wọ́n jí gbé ni?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó wá tún ń ra àwọn ẹlòmíràn?"

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé orí. Ó wo èmi, mo wo ògiri. Ìyá tó ń ṣa ìrẹsì ló gbà wá sílẹ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọmọ yín gbọ́n. Àwa náà ti bèèrè rí." Ó tún ṣa òkúta mìíràn sọnù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí láti ọjọ́ yẹn. Ohun tó rọrùn ni kéèyàn ní ẹni rere ni Àjàyí, ẹni burúkú ni Fárẹ̀mí, kó gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kúrò nílé. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì, ogun ló kó àwọn méjèèjì. Ọ̀kan bọ́ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ mìíràn mú ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹnì kankan kò dá ọkọ̀ ti èkejì dúró. Mi ò sọ pé ìyẹn wẹ̀ ẹ́ mọ́ o. Ẹni tí wọ́n ti há mọ́ irú yàrá yẹn rí mọ òórùn rẹ̀, ó sì kọ́ ogójì. Àwọn àgbà ní bí ẹrú bá kú, ìyá kò gbọ́. Bí ọmọ bá kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tó mọ ìparí òwe yẹn láìjẹ́ pé wọ́n pa á fún un, Fárẹ̀mí ni.

A yà ní ilé Mobee. Ògù ni onílé, bí i púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Àgbádárìgì, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ kí baba ńlá wọn, obì ló fi lọ̀ wọ́n, "gba obì" ní èdè Ògù ni àwọn òyìnbó sì gbọ́ bí orúkọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọrùn, ti ẹsẹ̀, àtèyí tí wọ́n fi ń ti ẹnu. Afinimọ̀nà ní ká gbé ọ̀kan wò. Mo gbé e, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní agboòrùn kan, ẹrú ogójì ni wọ́n fi ń rà á. Ìbọn àgbá kan, ọgọ́rùn-ún. Agboòrùn wà nínú báàgì mi. Oòrùn ń jó wa nígbà tí a jáde, mi ò lè mú un yọ. Ọmọ náà nawọ́ sínú báàgì, ó mú un, ó ṣí i, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ọjà Vlekete náà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ. A kò pẹ́ níbẹ̀. Mo kàn bèèrè ilé Ẹfúnróyè Tinúubú, gbajúgbajà obìnrin oníṣòwò nì, lọ́wọ́ afinimọ̀nà, torí Àgbádárìgì ni ó gbé pẹ̀lú Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń fi tábà àti iyọ̀ ṣòwò pẹ̀lú àwọn ará Bràsíìlì, ẹrú náà wà níbẹ̀. Ó ní ìyẹn kò sí lára ibi tí wọ́n ń mú àlejò lọ. Mo ti fura. Ìtàn ọkùnrin ni wọ́n sọ fún wa ní gbogbo ilé tí a wọ̀ lọ́jọ́ náà, a kò gbọ́ ohùn obìnrin kan àyàfi ti ìyá oníresì yẹn.

A jókòó sí etí omi níkẹyìn, a ń dúró de oòrùn kó rọlẹ̀. Gbẹrẹfú wà lódìkejì, iyanrìn àti igi àgbọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó wọn lọ sétí òkun. Mo ń bínú, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin kan sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀ ló tún ń dún létí mi: "Àwọn ará Àgbádárìgì yìí ló ta àwọn ènìyàn wa." Mo ti mi orí sí i láàárọ̀. Àmọ́ ta ló kó wọn dé etí omi? Òṣogùn jìnnà sí òkun. Ìjògà náà, inú igbó ló wà. Kí ẹrú tó dé ọwọ́ Sẹ́ríkí, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọlọ́jà mélòó, ó ti sùn sí ilé ta ni?

Ibẹ̀ ni Ilé Ẹ̀yìn ti sọ sí mi lọ́kàn.

Ní agbo ilé wa, lẹ́yìn ilé bàbá bàbá mi, yàrá márùn-ún kan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ilé Ẹ̀yìn là ń pè é. Orúkọ wa ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń jẹ́. A jọ ń ra aṣọ ẹbí, a jọ ń jẹ ìrẹsì ọdún. Ṣùgbọ́n tí oyè ìdílé bá yí kàn wá, ó máa ń fò wọ́n dá. Tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, wọn á ní "àwọn ti Ilé Ẹ̀yìn ti ní tiwọn." Ìgbà kan tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá ìyá mi pé ta ló bí baba ńlá wọn. Àbàrá ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ẹnìkan kì í ka irú ìwé yẹn." Mi ò bèèrè mọ́. Bàbá mi, tí wọ́n mọ gbogbo ìtàn Àjàyí láti Òṣogùn dé ọjọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò dárúkọ Ilé Ẹ̀yìn fún wa rí. Yàrá tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀ gan-an.

Àwọn ará ilé Sẹ́ríkí ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi túbú han àlejò, wọ́n ní bàbá wa ló kọ́ ọ. Àwa tí a wà lókè, tí a gba owó tiwa ká tó tì wọ́n síwájú, a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣoṣo tó kù láyé nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà lọ. Mo kí wọn dáadáa, mo bèèrè ara, mo bèèrè eékún tó ń dùn wọ́n. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ará Ilé Ẹ̀yìn, ibo ni wọ́n ti wá?"

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Ibo lo wà?"

"À ń ti Àgbádárìgì bọ̀."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ikọ́ wọn, àti ìró àga, bí ẹni pé wọ́n dìde lọ pa ilẹ̀kùn dé.

"Tó bá di Kérésìmesì, wá sílé," ni wọ́n wí. "Ìwọ nìkan ni kí o wá o."

Ọmọ tó jókòó tì mí ti yọ ohun tó ń fi gbọ́ orin kúrò létí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó tọ́ka sí tèmi, ó sì na ìka méjì sókè.